Ilé ìkàwé tí Kétu fẹ́ kọ́: ẹ gbé e sún mọ́ ọjà

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, gùn, nítorí náà mo gé e kúrú kí gbogbo òǹkàwé lè mọ ohun tí mò ń dáhùn:

"Olùkọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tó fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé. Ilẹ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan tóbi gan-an, ó wà lójú ọ̀nà Pobè, lẹ́yìn ìlú. Èkejì kéré, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 20, gígùn rẹ̀ mítà 30, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, ẹni tó bá sì dúró níbẹ̀ ń gbọ́ ohùn àwọn ọlọ́jà. Ayàwòrán ilé wa ti mú àwòrán pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wá. Gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò sì máa mú un tutù. Àwọn àgbà ní ariwo ọjà kò bá ìwé mu. Àwọn ọ̀dọ́ ní ta ló tún ń ka ìwé, kí a kúkú ra kọ̀ǹpútà. Gbogbo wa ló sì fẹ́ kó jẹ́ ibi tí ìlú á ti máa pàdé. Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí a sì máa gba owó ìwọlé?"

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ilẹ̀ kékeré tó wà nítòsí ọjà ni kí ẹ mú. Mo sọ èyí ṣáájú ohun gbogbo nítorí pé bí ẹ bá ṣi ilẹ̀ yàn, kò sí ọgbọ́n ayàwòrán tó lè tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ńlá ló máa ń wu ojú. Ọgbà á wà níbẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí á wà, àlejò tó bá wá láti Kùtọnu á ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gun zémíjàn (ọ̀kadà) lọ sẹ́yìn ìlú nínú oòrùn ọ̀sán nítorí ìwé? Akẹ́kọ̀ọ́ tó lówó ọkọ̀ lè lọ nígbà tí ìdánwò BEPC tàbí BAC bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìyá tó ń ta gàrí kò ní lọ láé. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ tí ọ̀gá rẹ̀ fún ní wákàtí kan kò ní lọ. Bàbá tó wá láti abúlé lọ́jọ́ ọjà, tó ti ta iṣu rẹ̀ tán, tó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e padà, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ìlú. Ilé ìkàwé tí kò bá sí lójú ọ̀nà wọn, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò jẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà á sì máa wá lásìkò ìdánwò nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Kétu nìkan. Ní London, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àdúgbò Tower Hamlets rí i pé àwọn ilé ìkàwé wọn ń dá páropáro. Wọ́n lọ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Ọ̀pọ̀ ló dáhùn pé àwọn á máa wá bí ó bá wà níbi tí àwọn ti ń rajà. Wọ́n sì gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ṣí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Bow ní 2002, wọ́n sì ṣí èyí tó wà ní Whitechapel ní 2005, létí ọjà tí wọ́n ń ná lójú títì. David Adjaye tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà ló yàwòrán rẹ̀. Ó to gíláàsì aláwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé sí ara ilé náà ní ìlà-ìlà kó lè bá aṣọ ìbòji àwọn àtẹ tó wà nísàlẹ̀ mu. Ẹni tó ń ra tòmátì ń wo ilé ìkàwé lójú, ilé ìkàwé náà ń wo òun.

Àwọn àgbà yín kò sì ṣìnà nípa ariwo. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé ilẹ̀ yín ti fún wa ní ìdáhùn rẹ̀. Mítà 20 ló kọjú sí ọjà, mítà 30 ló wọ inú lọ. Ẹ jẹ́ kí ilé náà máa dákẹ́ bí ó ti ń wọnú. Iwájú pátápátá ni fàráńdà níbi tí èèyàn lè sọ̀rọ̀ bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbọ̀ngán ńlá tí àwọn ọmọdé àti ìpàdé wà. Lẹ́yìn gbọ̀ngán ni ibi tí pẹpẹ ìwé pọ̀ sí, nítorí ìwé tó tò jọ máa ń gbé ohùn mì. Ẹ̀yìn pátápátá, nígbà tí ẹ bá ti fi ògiri amọ̀ méjì tó nípọn sílẹ̀ sẹ́yìn, ni yàrá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún àwọn tó ń múra ìdánwò. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ lè gbọ́ ìró ọjà lókèèrè, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni.

Fàráńdà ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ni ayàwòrán yín kò fún láyè rárá. Ẹ fún un ní mítà mẹ́rin ní fífẹ̀, kó gba gbogbo iwájú ilé. Ẹ mọ pèpéle sí ara ògiri rẹ̀ láti òpin dé òpin, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe níwájú agbo ilé, kó ga tó ibi tí arúgbó lè jókòó sí kó sì dìde láìsí ìrànlọ́wọ́. Ẹ gbé àmù tàbí ẹ̀rọ omi mímu síbẹ̀. Ẹ fi ihò iná sí ara ògiri fún fóònù, nítorí fóònù tí kò ní iná ló máa kọ́kọ́ mú ọ̀pọ̀ èèyàn wá. Ẹ kan pátákó ńlá kan mọ́ ibẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ìkéde mẹ́rì (ilé ìjọba ìlú), èsì ìdánwò. Kí ẹnikẹ́ni má béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya, ẹni tó gbé agbọ̀n lórí, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ mọ̀ pé wọn kò ní lé òun. Bó bá jókòó léraléra, tó ń wo àwọn ọmọdé tó ń kàwé nínú gbọ̀ngán nípasẹ̀ ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, lọ́jọ́ kan yóò wọlé. Ẹ má ṣe gbé tábìlì ọlọ́dẹ dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má ṣe fi àtẹ̀gùn kankan sí i: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kó jẹ́, bó bá ga ní sẹ̀ǹtímítà kan kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12, kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gùn ún fúnra rẹ̀.

Ẹ ṣí ilé ìyàgbẹ́ síbi tí ẹni tó wà ní fàráńdà lè dé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yín á sọ pé gbogbo ọjà ni yóò máa wá lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á wá, ó sì yẹ kí wọ́n wá. Ibi tí obìnrin lè wọ̀ láìbẹ̀rù, tó ní omi, tó ní ìlẹ̀kùn tó ń tì láti inú, ṣọ̀wọ́n lẹ́bàá ọ̀pọ̀ ọjà wa. Ẹ ya owó ẹni tí yóò máa tún un ṣe sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí, gíláàsì. Ẹ bá mi bẹ ayàwòrán yín kó mú un kúrò. Mo mọ ilé ìkàwé kan, mi ò ní dárúkọ ìlú tó wà, tí wọ́n kọ́ ní gíláàsì láti ilẹ̀ dókè, fèrèsé rẹ̀ kò sì ṣeé ṣí. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù bàjẹ́, kò sówó tí wọ́n á fi tún un ṣe. Àwọn èèyàn sá jáde nítorí ooru, wọ́n ti ilé náà pa, ọ̀rinlẹ̀ sì wọ inú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kó wá látòkèèrè bu lórí pẹpẹ. Bí ọ̀rinlẹ̀ inú afẹ́fẹ́ bá ti ń ju ìdá 65 nínú 100 lọ fún ìgbà pípẹ́, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, nígbà òjò tiwa a sì máa ń kọjá iye yẹn dáadáa. Ohun tó ń gba ìwé là níbi tí iná kì í dúró ni afẹ́fẹ́ tó ń kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Orí gba ilẹ̀ yín, torí ìlà oòrùn ló kọjú sí. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, mítà 30 níhìn-ín, mítà 30 lọ́hùn-ún, kọjú sí àríwá àti gúúsù, níbi tí oòrùn kì í ti wọlé tààrà bíi ti ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Gbogbo fèrèsé ńlá, ibẹ̀ ni kí wọ́n wà, kí wọ́n kojú ara wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba inú ilé kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé lọ́dọ̀ wa, oòrùn máa ń gba orí wa kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti ní oṣù kẹsàn-án. Láàárín oṣù méjèèjì yẹn apá àríwá ló wà, ìyókù ọdún apá gúúsù. Nítorí náà, ìhà méjèèjì ni òrùlé gbọ́dọ̀ yọ síta, ó kéré tán mítà kan àti ààbọ̀. Ìyọsíta yẹn kan náà ni yóò gba ògiri lọ́wọ́ òjò. Ẹ sì ṣe ojú fèrèsé onípákó tí ó ṣeé tì, nítorí eruku ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́dọọdún.

Páànù máa ń gbóná, bí òjò bá sì ń rọ̀ lé e lórí, olùkọ́ kò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso tó gba ẹ̀bùn Pritzker, ti àwọn ayàwòrán ilé, ní 2022, ti fi ọ̀nà kan hàn wá lábúlé rẹ̀ ní Gando. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ síbẹ̀ ní 2001, ó ṣe àjà kan lábẹ́, ó wá gbé òrùlé páànù sókè kúrò lórí rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè máa jáde láàárín àwọn méjèèjì. Fún ilé ìkàwé Gando, àwọn obìnrin abúlé kó ìkòkò amọ̀ wá, wọ́n gé orí àti ìdí wọn, wọ́n tò wọ́n sínú àjà nígbà tí wọ́n ń dà á, ihò wọn ló sì ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé tó ń lé ooru jáde. Iléeṣẹ́ Kéré yìí kan náà ló yàwòrán ilé aṣòfin tuntun ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí ó fi ìrísí igi tí àwọn àgbà ń ṣe àpérò lábẹ́ rẹ̀ ṣe. Àwọn amọ̀kòkò wà lágbègbè yín. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní ti ògiri, ìran yín mọ amọ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè amọ̀ àtijọ́ ìlú yín, ṣì ń wò yín lójú. Bíríkì amọ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí a pò pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, láàárín ìdá 5 sí 8 nínú 100, yóò gbé ilé yìí ró dáadáa. Ilẹ̀ pupa yín bá a mu. Kò ní gbóná lọ́sàn-án bíi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, ó sì máa ń dí ariwo. Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́: ìkánjú àti omi. Ẹ jẹ́ kí bíríkì náà wà lábẹ́ ìbòji, kí ẹ máa rin ín, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó kọ́ ọ. Ẹ gbé ìpìlẹ̀ òkúta tàbí kọnkéré ga sókè kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ bíríkì àkọ́kọ́, fún omi àti fún ikán. Ní Muyinga, ní Burundi, iléeṣẹ́ BC Architects kọ́ ilé ìkàwé kan báyìí ní 2012. Wọ́n hun àwọ̀n ńlá láti inú okùn, wọ́n so ó sókè nínú ilé náà, orí rẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń sùn sílẹ̀ kàwé. Ní Dandaji, ní Nìjẹ̀r, mọ́sáláṣí àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ wó ni ayàwòrán Mariam Kamara àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di ilé ìkàwé ní 2018, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí tuntun, àwọn mọlémọlé tó kọ́ ti àtijọ́ ni wọ́n sì pè padà sídìí iṣẹ́.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Ìwé wúwo ju bí èèyàn ti rò lọ. Àwọn onímọ̀ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà máa ń ṣírò ilẹ̀ tí pẹpẹ ìwé wà lórí rẹ̀ sí nǹkan bí kílò 730 lórí mítà kan níbùú lóròó, nígbà tí ti yàrá tí a kàn ń jókòó kàwé jẹ́ nǹkan bí 290. Bí ẹ bá gbé ìwé lọ sókè, irin àti sìmẹ́ǹtì ni yóò jẹ owó yín. Arúgbó kò ní gùn ún, aláàbọ̀ ara kò ní gùn ún, ẹ ó sì nílò òṣìṣẹ́ kan sí i láti máa ṣọ́ òkè. Ẹwà tí kò rọrùn láti tọ́jú ti dá ìlú tó lówó jù wá lọ lóró. Ní Medellín, ní Kòlóńbíà, wọ́n ṣí ilé ìkàwé kan tó gbayì káàkiri ayé ní 2007, ó dà bí òkúta dúdú ńlá mẹ́ta lórí òkè. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí òkúta ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, wọ́n sì ní láti tì í.

Ní ti gbọ̀ngán, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìdí kan ṣoṣo kò sì gbọ́dọ̀ mú èèyàn wọ ilé ìkàwé. Ní 2012, àwọn onímọ̀ kan ní Dẹ́ńmáàkì ṣàlàyé pé ilé ìkàwé òde òní ní àyè mẹ́rin: àyè tó ń ta ọkàn jí, àyè ẹ̀kọ́, àyè ìpàdé, àti àyè tí èèyàn ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Wọn kò ní kí ó jẹ́ yàrá mẹ́rin. Gbọ̀ngán kan lè jẹ́ gbogbo rẹ̀ bí ohun inú rẹ̀ bá ń ṣípò. Nítorí náà, ẹ so táyà kéékèèké mọ́ ẹsẹ̀ pẹpẹ ìwé tó wà níbẹ̀, kí wọ́n má ga ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, kí òṣìṣẹ́ lè rí gbogbo igun láti ibi tó wà. Láàárọ̀, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á jókòó lórí ẹní. Lọ́sàn-án, ẹni tó mọ fóònù lò á máa ran àwọn ará ìlú lọ́wọ́ láti gba ìwé ìbí àti ìwé ìdánimọ̀ wọn lọ́dọ̀ ANIP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdánimọ̀ ará ìlú, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń sanwó fún níta. Nírọ̀lẹ́, ẹ ti àwọn pẹpẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tàbí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lédè Yorùbá jókòó. Àlàfo láàárín pẹpẹ méjì kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 90. Ẹ lo pẹpẹ onírin. Bí ẹ bá lo onípákó, kó má kan ògiri, kí ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ga kúrò nílẹ̀ tó kí ẹ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò fún ikán lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo fẹ́ dá àwọn ọ̀dọ́ yín lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ wo Oodi, ilé ìkàwé tí ìlú Helsinki ṣí ní 2018. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan olójú mẹ́ta wà níbẹ̀, yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ìdáná pàápàá wà. Síbẹ̀, gbogbo àjà òkè pátápátá jẹ́ ti ìwé àti ti àwọn tó ń kà á, nǹkan bí ìwé 100,000. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń kọ́ àtikàwé nílò ìwé tó lè fọwọ́ kàn, tó lè mú lọ sílé, tí ẹlòmíràn lè kà sí i létí lábẹ́ fìtílà. Ohun tí kò sí nílé ọ̀pọ̀ ọmọ yín gan-an nìyẹn. Ẹ ra ìwé ọmọdé lédè Yorùbá láti Nàìjíríà, ọ̀nà Ìlárá kò jìn sí yín, kí ẹ sì ra ti èdè Faransé pẹ̀lú. Ẹ ra ìwé tí wọ́n ń lò ní kíláàsì ní ẹ̀dà púpọ̀, ó sàn ju kí ẹ gba àpótí ìwé ọ̀fẹ́ láti òkè òkun tí ẹnikẹ́ni kò ní kà. Ìwé ẹgbẹ̀rún méjì tí a yàn dáadáa tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ìgboyà láti kọ ẹ̀bùn tí kò wúlò.

Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá á tó. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni sólà pẹ̀lú bátìrì tó lè gbé iná, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì àti fáànù ró títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, nítorí pé àkókò tí SBEE, iléeṣẹ́ iná, bá mú iná lọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Orí tábìlì ìkàwé nílò ìmọ́lẹ̀ 500 lux (lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), èyí tí ẹ lè fi fóònù wọ̀n. Fún ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí, ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Kiwix. Ó lè gbé odidi Wikipedia èdè Faransé sínú kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí fóònù gbogbo ẹni tó wà nínú ilé á sì lè kà á láìsan kọ́bọ̀.

Yàrá kan wà tí ayàwòrán yín kò fi sí i, ó sì dùn mí. Yàrá kékeré, mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, ní apá ẹ̀yìn nínú ilé, tí ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ògiri rẹ̀, fún gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ìlú tí Dahomey kó ní 1886 tó sì tún dìde mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìrántí sọnù. Ní Kétu, Bàbá Ẹlẹ́gùn ló ń tọ́jú ìtàn àwọn ọba sórí, ẹnu ni ó fi ń gbé e fún ìran tó tẹ̀ lé e. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun iyebíye tí ẹ̀dá fi ẹnu àti ìṣe gbé kalẹ̀, ó sì wọ inú àkójọ rẹ̀ ní 2008, ṣùgbọ́n mélòó nínú orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n kọ ní alẹ́ ọdún tó kọjá ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè rí gbọ́ lónìí? Ẹ ṣe é pẹ̀lú ìyọ̀ǹda. Kí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ sọ èyí tó jẹ́ ti gbogbo ayé, èyí tó jẹ́ ti ìlú nìkan, àti èyí tó jẹ́ awo tí ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ gbà rárá. Kí ẹ sì pa ẹ̀dà kan mọ́ ní Àjàṣẹ́, ní ilé àkójọpọ̀ ìwé ìtàn orílẹ̀-èdè, kí iná tàbí òjò má ṣe pa gbogbo rẹ̀ run lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ilé ìkàwé yín bá ṣe èyí dáadáa, Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ẹ́ á wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ owó wá dé. Kí ẹ tó pe bíríkìlà kankan, ẹ lọ sí mẹ́rì, kí ẹ béèrè ìbéèrè kan: ta ni yóò san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún kẹta? Olùrànlọ́wọ́ máa ń fẹ́ràn láti kọ́ ilé, kí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri. Ó ṣọ̀wọ́n kó fẹ́ san owó oṣù. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ nílò, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ fẹ́ràn ọmọdé tọkàntọkàn. Bí mẹ́rì kò bá kọ owó wọn sínú ìṣúná rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ dín ilé náà kù sí ìdajì kí ẹ fi ìyókù pamọ́ fún wọn. Ilé kékeré tó ń ṣí títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó ń ṣí ní Sátidé àti lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wúlò fún ìlú ju ilé ńlá tó ń ti ìlẹ̀kùn ní aago márùn-ún nígbà tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ẹ má sì dúró de ilé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ẹ ta apátámù kan sórí ilẹ̀ náà, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ gbé àpótí ìwé díẹ̀ àti ìjókòó síbẹ̀, ẹ so gílóòbù kan tó ń lo sólà. Kí ẹnì kan máa kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́: àwọn wo ló wá, aago mélòó, kí ni wọ́n béèrè tí kò sí, ibo ni wọ́n fẹ́ràn láti jókòó sí. Bí àwọn obìnrin ọlọ́jà bá ń fi ọmọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó mọ̀ pé igun ọmọdé gbọ́dọ̀ tóbi ju bí ẹ ti rò lọ. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni èrò pọ̀ jù, ẹ ó mọ̀ pé sólà ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ni kí ẹ gbé fún ayàwòrán, kí ó tún yà láti orí rẹ̀.

Ní ti owó ìwọlé: rárá. Ìkéde tí IFLA, àjọ àwọn ilé ìkàwé lágbàáyé, àti UNESCO jọ gbé jáde lórí ilé ìkàwé ìlú ní 1994, tí wọ́n tún ṣe ní 2022, sọ pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́, mo sì fara mọ́ ọn láìkù síbì kan. Fáráǹkì 50 lè dà bí ohun kékeré létí wa, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin nínú ilé kan kò lè rí i lójoojúmọ́, ọmọbìnrin ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún pé kó jókòó sílé. Ẹ lè gba owó lórí ìwé títẹ̀ àti fọ́tòkọ́pì, ẹ lè gbà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ fi gbọ̀ngán ṣe ìpàdé tirẹ̀. Ẹ má gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọdé tó pẹ́ kó tó dá ìwé padà, torí ó lè má padà wá mọ́, ìwé náà á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ bá mi wọn ilẹ̀ náà dáadáa kí ẹ tó ṣe ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ sàmì síbi tí omi òjò ń gbà kọjá lórí rẹ̀ àti ibi tí igi bá wà, kí ẹ má ṣe gé èyíkéyìí. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwòrán tuntun nígbà tí ayàwòrán bá yà á tán. Fàráńdà àti ilé ìyàgbẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò.